Èémí Tí A Kò Jẹ́ Kó Jáde

Àwa nọ́ọ̀sì ní ọgbọ́n kan tí a kì í sọ fún aláìsàn. Bí a bá fẹ́ ka èémí ènìyàn, a kì í wí fún un. A ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù là ń kà, a ó máa wo aago, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ lojú wa wà. Àyà gòkè, àyà sọ̀kalẹ̀, ó di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ la ó máa kà á títí ìṣẹ́jú kan á fi pé. Ìdí ni pé ẹni tí o bá ti sọ fún pé, "Bàbá, mo fẹ́ ka èémí yín o," kò ní í mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn á fà á gùn, ẹlòmíràn á há a mọ́ àyà, ẹlòmíràn á máa sáré mí. Ohun tí o bá kọ sínú ìwé nígbà náà, irọ́ ni.

Ọgbọ́n kékeré ni, àmọ́ ó ní ohun tó ń kọ́ni. Ọkàn ń lù, a kò lè pàṣẹ fún un pé kó sinmi díẹ̀. Oúnjẹ ń dà nínú wa láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kíndìnrín ń sẹ́ omi tọ̀sán-tòru, a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Èémí yàtọ̀. Bí a bá sùn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá jí, tí a ní kó dúró, á dúró, tí a ní kó falẹ̀, á falẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun yòówù tó bá ń da ọkàn ènìyàn láàmú, ara èémí ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò rí ọkàn rẹ̀ mú lè gba ọ̀nà èémí tọ̀ ọ́ lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ojú kò gbàgbé iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lára. Nínú mọ́tò ni o, nílé ìsìn ni o, níbi ìnáwó ni o, mo ṣì máa ń wo àyà àwọn ènìyàn. Ohun tí mo ń rí ni pé púpọ̀ nínú wa mọ èémí í fà, a kò mọ̀ ọ́n tú sílẹ̀. A ó mí wọlé, a ó mí wọlé, èyí tó sì yẹ kó jáde, a ó dá ìdajì rẹ̀ dúró sínú. Bí wọ́n bá wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mí kanlẹ̀, ńṣe ni yóò tún fa òmíràn lé èyí tó wà ńbẹ̀. Èmi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mí fàlàlà, mímí síta ni kó kọ́kọ́ kọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ, ìyókù jẹ́ àlàyé.

Ẹ̀dọ̀fóóró kò ní agbára tirẹ̀. Méjì ni, ti ọwọ́ ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti ọwọ́ òsì pín sí méjì nítorí kí ọkàn lè rí àyè gbé. Kò lè fẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó dábùú àárín àyà àti ikùn. Ẹni tó bá ti wọ inú àgbẹ̀dẹ rí á ti rí ẹwìrì: ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ á gbé awọ rẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ á kún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á tú sínú iná. Iṣan yìí ni ọmọṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóóró ni awọ. Bí iṣan náà bá fún pọ̀, á lọ sílẹ̀, á ti ikùn síwájú, egungun ìhà á ṣí, afẹ́fẹ́ á sì wọlé. Bí ó bá dẹ̀, á padà sókè, afẹ́fẹ́ á jáde. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí bíi 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ń lọ sí nǹkan bí 20,000 láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀. Èémí kọ̀ọ̀kan ń gbé bí ìdajì lítà afẹ́fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró géńdé ọkùnrin lè gbà tó lítà 6. Àyè pọ̀ nínú wa ju èyí tí à ń lò lọ. Ṣùgbọ́n ẹwìrì tí kò bá tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, ibo ni yóò gba tuntun sí?

Nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìbínú bá dé, ara kì í fi iṣan ìsàlẹ̀ yìí nìkan mí mọ́. Á ké sí iṣan ọrùn àti ti èjìká. Ìyẹn dára fún ẹni tí ejò lé, torí eré ló fẹ́ sá, kò sì ní í pẹ́ tí eré náà á fi parí. Ṣùgbọ́n ẹ wo awakọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Èjìká rẹ̀ ti gun òkè dé etí, eyín rẹ̀ so mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ fún síárìn mọ́. Kò sí ejò níwájú rẹ̀, ọkọ̀ epo ló wà níbẹ̀, kò sì sí ibi tí yóò sá lọ. Bó bá délé, yóò ní ọrùn ń dun òun, orí ń fọ́ òun, á sì wá oògùn lò. Iṣan ọrùn tó ti ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti àárọ̀, ṣé kò yẹ kó ro ó ni?

A kò bí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó wáyé, omi ló kún ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀, ara ìyá rẹ̀ ló sì ti ń rí ọ́síjìn gbà láti ojú ìdodo. Bí orí bá ti yọ, tí ara tẹ̀lé e, gbogbo yàrá ìbímọ a pa lọ́lọ́. Ìyá tó ti ń ké látẹ̀yìn wá, òun náà á dákẹ́. Kí là ń retí? Kì í ṣe èémí tí ọmọ kọ́kọ́ fà, ìyẹn kì í dún. Igbe là ń retí, igbe sì ni èémí tó jáde. Ìgbà tó bá ké la tó ń sọ pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Láti ìgbà náà, ikùn lọmọ fi ń mí, bíi 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: ikùn yóò máa ga, yóò máa wálẹ̀, èjìká kò ní í mira. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Òdì rẹ̀ la máa ń wá kọ́ ọ bó bá ń dàgbà. "Dákẹ́! Pa ẹnu rẹ dé!" nígbà tí ẹkún kò tíì tán nínú rẹ̀. "Ọkùnrin kì í sunkún." "Ọmọbìnrin kì í rẹ́rìn-ín kèékèé láàárín èrò." "Fa ikùn sínú, kí aṣọ yẹn lè jókòó." A ó di bẹ́líìtì, a ó di gèlè, a ó di ìró pinpin, a ó sì tún di inú. Ọmọ tó gbọ́ràn yóò mọ bí a ṣe ń há èémí mọ́ra kó tó mọ ìwé kà. Bó bá di ogójì ọdún, yóò ní òun kò mọ ohun tó ń fún òun láyà.

Síbẹ̀, àwọn baba ńlá wa kò fi wá sílẹ̀ láìní ibi tí èémí ń gbà jáde. Ẹ wo obìnrin tó ń gúnyán. Bí ọmọ odó bá ń lọ sókè, á fa èémí, bó bá ń sọ̀kalẹ̀, "hùn!" á ti ọ̀fun rẹ̀ jáde kí ọmọ odó tó kan iyán. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta lórí odó kan, "hùn" tiwọn yóò máa tẹ̀lé ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní í fi ọmọ odó lu ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Agẹgi ń ṣe é, ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ń ṣe é. Lónìí, àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá á sọ fún ọ pé ìgbà tí o bá ń lo agbára ni kí o mí síta. Iyán ni màmá mi ń gún, òun kò sì gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀.

Bákan náà ni ohùn ẹnu wa rí. Ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ tó ń relé ọkọ láyé ijọ́un á sun ẹkún ìyàwó kiri ilé ẹbí, á fi ohùn gígùn tú ìbẹ̀rù ilé àjèjì jáde lójú gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kò sì ní í sọ pé ojú ń tì í. Àwọn ọdẹ ní ìrèmọ̀jé fún ọdẹ tó kú, kí akọni náà lè rí ọ̀nà ṣọ̀fọ̀. Babaláwo tó ń sun ìyẹ̀rẹ̀ á na ohùn títí, àwọn elégbè á máa fi "hin" gbè é, òun á sì ráyè mí. Ní ilé kéú, ọmọdé á kọ́ ibi tó lè dúró mí sí nínú àáyá àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ ti mí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá akọrin á ní kí a gbé gbólóhùn dé òpin kí a tó fa òmíràn. Gbogbo wọn, èémí gígùn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ni, láìdárúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 2001, oníṣègùn ará Ítálì kan, Luciano Bernardi, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde nínú British Medical Journal. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ka àdúrà Rosary ní èdè Látìn, wọ́n tún ní kí wọ́n ka gbólóhùn tí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ yoga máa ń pè léraléra. Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ àwọn Kátólíìkì wá, èkejì ti Íńdíà wá, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n gbé èémí dé: nǹkan bí 6 ní ìṣẹ́jú kan. Bí èémí ṣe balẹ̀ báyìí, ìlù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn létòlétò. Mo ka èyí, mo rántí Alhaja kan ní àdúgbò wa tó máa ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun Àsámù. Ẹnikẹ́ni kò ka èémí Alhaja rí, ṣùgbọ́n bí èjìká rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, mo fojú ara mi rí i.

Ẹ̀yin fúnra yín lè dán ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, títí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń lù. Ẹ wá fa èémí díẹ̀díẹ̀ láti imú, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ yín ni yóò rí i pé bí èémí ti ń wọlé, ìlù náà yá díẹ̀. Bí ó ti ń jáde, ó falẹ̀. Okùn ìmọ̀lára kan tí wọ́n ń pè ní vagus ló ń fa ìjánu ọkàn, láti inú ọpọlọ lọ sí ọrùn, títí dé àyà àti ikùn. Ìgbà tí a bá ń mí síta ló máa ń fa ìjánu náà jù. Ẹni tí kì í mí síta délẹ̀, kò fún ọkàn rẹ̀ láyè kó falẹ̀.

Ní yàrá ìbímọ, kò sí ohun tí mo sọ tó èyí: "Ìyàwó mi, sọ èjìká kalẹ̀. La ẹnu. Fẹ́ ẹ síta." Bí ìrọbí bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ara ń fẹ́ ṣe ni kó le gbagidi, kí eyín pàdé, kí èémí há. Ìrora á sì máa pọ̀ sí i. Àwọn kan máa ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Nọ́ọ̀sì, mi ò lè mí mọ́." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "O ti mí sínú jù ni. Fẹ́ ẹ fún mi." Mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú ẹnu wọn, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí n mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú á là, ọwọ́ tó di ibùsùn mú pinpin á dẹ̀. Ìrora kò lọ o, irọ́ ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti padà di ẹni tó lè gbọ́ ohun tí à ń sọ fún un.

Ẹ tún wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Á fa èémí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, èkejì kéré ju èkíní lọ, á wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oorun á sì gbé e lọ. Àgbàlagbà náà ń ṣe é láìmọ̀. Ní bí ìṣẹ́jú 5 sí ara wọn, ara a máa mí kanlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóóró tó ti pa dé lè ṣí. Nílé wa, bí ọ̀dọ́ bá mí ìmí bẹ́ẹ̀, a ó bi í pé, "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí jáde nínú Cell Reports Medicine. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ mí irú ìmí yìí gan-an fún oṣù kan: kí wọ́n fà á ní imú, kí wọ́n fa díẹ̀ lé e, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ gbọọrọ láti ẹnu. Ara wọn yá gágá ju ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kàn jókòó ṣe àṣàrò lọ. Ohun tí ọmọdé ń ṣe lẹ́yìn ẹkún, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀. Inú mi dùn, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń na ọmọ tó bá ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n mímí púpọ̀ yàtọ̀ sí mímí dáadáa. Níbi ìsìnkú kan, ọmọbìnrin olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Ètè rẹ̀ ń ta á, ìka ọwọ́ rẹ̀ ká kò, òòyì ń kọ́ ọ. Àwọn kan ń pariwo pé kí wọ́n da omi sí i lórí, àwọn kan ń pe orúkọ òkú pé kó fi ọmọ sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò ṣàì ní ọ́síjìn. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré mí, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù jù, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún pọ̀, orí á fúyẹ́, ọwọ́ á máa ta. Mo ní kí wọ́n fún wa láyè, mo jókòó sílẹ̀ tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò ní kó mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi kà: ení, èjì, ẹ̀ta." Ẹni tó ń kà kò lè fa èémí, ó di dandan kó tú u. Lákọ̀ọ́kọ́, kò dé ẹ̀ta. Nígbà tó yá, ó dé ẹ̀wá, ìka rẹ̀ sì là. Ẹ má ṣe fi àpò ìwé bo ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, nítorí bó bá jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóóró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu ní tòótọ́, ẹ lè pa á.

Nígbà tí mo kà nípa Carl Stough, ó dà bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀gá akọrin ni ní Amẹ́ríkà. Ní 1958, ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní East Orange, ní New Jersey, pè é pé kó wá wo àwọn tí emphysema ń bá jà, àìsàn tó ń ba awọ ẹ̀dọ̀fóóró jẹ́ débi tí kò fi lè ti afẹ́fẹ́ jáde mọ́. Ọ́síjìn ni wọ́n ti ń fi fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni yìí rí i pé kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ kò wọlé sí wọn nínú, èyí tó ti wọlé ni kò rójú ọ̀nà jáde. Ó fọwọ́ pa wọ́n lọ́rùn àti láyà, ó ní kí wọ́n máa ka ení dé ẹ̀wá léraléra lórí èémí kan, kí ohùn máa rẹlẹ̀, títí yóò fi ku ètè nìkan tó ń mì. Kò wo àìsàn náà sàn, nítorí ohun tó ti jẹ nínú ẹ̀dọ̀fóóró kì í padà, ṣùgbọ́n àwọn kan tí kò lè dìde tún rìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òun náà ni wọ́n pè láti kọ́ àwọn sáréesáré Amẹ́ríkà ní mímí, kí wọ́n tó lọ sí Òlíḿpíìkì 1968 ní Mexico City, ìlú tó fi mítà 2,240 ga ju òkun lọ. Ohun kan náà tó kọ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn ló kọ́ ẹni tó fẹ́ gba góòlù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò nǹkan kan. Ẹ tú ìró tàbí bẹ́líìtì. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn fara ti nǹkan, tàbí kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ má fa èémí rárá lákọ̀ọ́kọ́; ẹ tú èyí tó wà nínú yín sílẹ̀ títí tó fi tán, láì fipá. Ẹ ó rí i pé òmíràn á wọlé fúnra rẹ̀, ọwọ́ á sì ga. Ẹ jẹ́ kó gba imú wọlé, torí imú ló ń gbọn eruku, ló ń mú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí ẹ bá ka ẹ̀rin bó ti ń wọlé, ẹ ka ẹ̀fà bó ti ń jáde. Tàbí kẹ́ ẹ ka ení dé ẹ̀wá bíi ti àwọn aláìsàn Stough, ní ohùn tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò ní í gbọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ ti ń fi agbára ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ kó padà bọ̀ sípò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo ní láti sọ ìyókù láìfi bò. Ẹni tó ní asthma, kó má sọ inhaler rẹ̀ nù torí pé ó ka ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó lọ. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè sùn lórí ìrọ̀rí pẹlẹbẹ mọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé, ti igi ìdáná àti irú rẹ̀, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu fèrèsé tó wá ń kọ́ bí a ṣe ń mí kanlẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ló kù. Mo ti rí àwọn tó mọ gbogbo ọ̀nà mímí tí ayé gbé kalẹ̀, síbẹ̀ tí àyà wọn kò ṣí, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n lè mí síta níwájú rẹ̀. Bàbá kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kú sí wa lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀, ó ń wo ògiri, àyà rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ mì. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ ṣe ọkàn gírí, bọ̀ọ̀dá. Àgbà lẹ jẹ́. Ẹ fara dà á." Mo rọra lé wọn síta, mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga kejì, mi ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí ìmí náà tó jáde. Bó ti jáde, ẹkún bá a jáde, lẹ́yìn ẹkún ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe pàdé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló tó béèrè pé ibo ni ọmọ wà, ṣé ó ti jẹun.

Kò lè béèrè ọmọ kó tó tú ti ìyá rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa rí. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń sunkún, tí ọkọ yín bá wọlé tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀rẹ́ yín bá jókòó tì yín tó ní òun kò mọ ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tètè sọ pé "ó tó." Ẹ má tètè sọ pé "ó ti parí." Ẹ jẹ́ kó tú u tán. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tẹ́ ẹ fẹ́ sọ dára, àmọ́ ẹ fi í sẹ́nu ná, títí olúwarẹ̀ yóò fi ní àyè tí yóò gbé e sí.